Bí A Ṣe Ń Ra Ìbọn Ẹlẹ́nu Méjì Àtijọ́, Tí A Sì Ń Tún Un Ṣe fún Ọdẹ Ẹyẹ

Ruffed grouse kì í fún ọdẹ láyè. Mọ̀lẹ́bí àparò ni, ìwà kan náà ni wọ́n sì ń hù: á lúgọ sínú ewé gbígbẹ nínú igbó Pennsylvania títí ẹsẹ̀ rẹ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́, á wá fò dìde gbìrìì. Kí o tó mí lẹ́ẹ̀kan, ó ti wọ ẹ̀yìn igi. Ìbọn tó bá eré bẹ́ẹ̀ mu ni ìbọn ẹlẹ́nu méjì. Ó fúyẹ́, kíá ló sì ń bọ́ sí èjìká. Ẹnu àkọ́kọ́ á fọ́n ọta wẹ́wẹ́ ká fún ẹyẹ tó wà nítòsí, èkejì á kó o jọ fún èyí tó ti ń lọ.

Àwọn tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà kí Ogun Àgbáyé Kejì tó parí: Parker ti Meriden ní Connecticut, L.C. Smith ti Fulton ní New York, A.H. Fox ti Philadelphia. Wọ́n ṣì wà lọ́jà. Èyí tó dára ń bẹ nínú wọn, èyí tó lè gé èèyàn níka náà sì ń bẹ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ìwé àṣẹ. Mọ ohun tí òfin ibi tí o ń gbé sọ kí owó tó kúrò lápò rẹ. Ní Britain, ọwọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ shotgun. Ní Nàìjíríà náà, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ní in láìgba ìwé àṣẹ.

Ìgbésẹ̀ kejì: yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ibí ni kí o ti lo àkókò rẹ. Ṣí ìbọn náà, fi ojú àti ìka rí i dájú pé kò sí ọta nínú ihò kankan. Yọ igi iwájú kúrò, kí o mi ọ̀pá ìbọn. Tó bá ń ṣe kẹ́-kẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ìdè rẹ̀ ti jẹ. Wá yọ ọ̀pá méjèèjì, fi ìka kan gbé e kọ́ láti ìwọ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí o fi igi kékeré lù ú. Èyí tó pé á dún bí agogo. Tó bá dún bí ìkòkò tó ti sán, òjé tó so irin àárín mọ́ ọ̀pá méjèèjì ti ṣí níbì kan.

Na ihò rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Wàá rí òjìji tó yí po bí òrùka. Níbi tí òrùka náà bá ti wọ́, ọ̀pá ti tẹ̀ níbẹ̀. Níbi tí òrùka dúdú kan bá ti dá wà, ó ti wú. Èyí tó wú, fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Má gbàgbé igi. Ìdí ìbọn L.C. Smith sábà máa ń là lẹ́yìn irin ẹ̀gbẹ́. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, wọ́n ti fi ìda dúdú pa ojú ibẹ̀, kò sì pé oṣù méjì tó fi pín sí méjì mọ́ mi lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, aṣọ funfun ni mo fi ń nu ibẹ̀ kí n tó dá iye owó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: wọn ihò tí kátíríìjì ń wọ̀. Ohun tó ń ba ìbọn àtijọ́ jẹ́ jù nìyí. Kátíríìjì géèjì 12 (géèjì ni bí ihò ìbọn ṣe fẹ̀ tó) òde òní sábà máa ń jẹ́ ínǹṣì 2¾, ṣùgbọ́n ihò ìbọn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ sábà máa ń jẹ́ 2½. Yóò wọlé ní ìrọ̀rùn, nítorí pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yìn ín, tí ẹnu rẹ̀ ti là, ni wọ́n ń wọn ín. Tí o bá yìn ín, ẹnu rẹ̀ á là sínú ibi tóóró, ipá rẹ̀ á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Alágbẹ̀dẹ ìbọn ló ní ohun tí wọ́n fi ń wọn èyí, òun náà ni kó wọn bí ara ọ̀pá ṣe nípọn tó. Ìbọn Gẹ̀ẹ́sì ní òǹtẹ̀ ilé ìdánwò London tàbí Birmingham lára, níbi tí wọ́n ti ń dán agbára ọ̀pá ìbọn wò. Amẹ́ríkà kò ní irú ilé ìdánwò bẹ́ẹ̀. Tí o bá rí iṣẹ́ ọnà bí omi tó ń ṣàn lára ọ̀pá, Damásíkù nìyẹn, irin oríṣi méjì tí wọ́n lọ́ pọ̀. Má yìn ín títí alágbẹ̀dẹ yóò fi sọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: igi. Ojú ìdè (screw) rẹ̀ tóóró gan-an, nítorí náà lo ìtúdè (screwdriver) tó bá a mu rẹ́gí, kí o gún ihò sára páálí láti fi to ìdè kọ̀ọ̀kan bó ṣe jáde. Tí òróró bá ti mu igi dúdú, po lúbúlúbú ẹfun mọ́ acetone níta gbangba, jìnnà sí iná, kí o fi ra igi náà. Bó bá ṣe ń gbẹ ni ẹfun á máa di pupa rẹ́súrẹ́sú, torí òróró tó ń fà jáde. Gbọ̀n ọ́n dànù, tún un ṣe títí yóò fi funfun. Ibi tó tẹ̀, fi aṣọ tútù bò ó, fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná kàn án; ooru á gbé e dìde. Má fi sáńpépà kan etí tí igi ti bá irin pàdé, kí igi má baà relẹ̀ ju irin lọ. Lẹ́yìn náà, fi àtẹ́lẹwọ́ ra òróró linseed sí i fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: irin. Bí àwọ̀ àtètèkọ́ṣe bá ṣì wà, fi òróró nù ún kí o fi sílẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ti dán tán, owó rẹ̀ ti já. Tí àwọ̀ ọ̀pá bá ti lọ pátápátá, ọ̀nà ipata díẹ̀díẹ̀ (rust bluing) ni kí alágbẹ̀dẹ fi kùn ún. Má jẹ́ kí wọ́n rì í sínú iyọ̀ gbígbóná tí wọ́n fi ń kun ìbọn ìgbàlódé. Yóò jẹ òjé náà, ọ̀pá méjèèjì á sì tú.

Alágbẹ̀dẹ ni kó kọ́kọ́ dán an wò. Kátíríìjì aláìlágbára jù ni kí o máa lò, má sì fi ọta onírin líle sí i láé. Tí o bá ti oko ọdẹ dé, nu ihò méjèèjì, kí o gbé ìbọn náà dúró pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀, kí òróró má tún ṣàn padà sínú igi.