Bẹ́ ẹ ṣe máa tọ́jú XML VM yín lórí Linux, kẹ́ ẹ lè dá VM padà tí nǹkan bá bàjẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ ń fi virt-manager ṣe VM (kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà), ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ mi. Gbogbo wa là ń sáré kó qcow2 (fáìlì tó jẹ́ dísíìkì VM) sórí hard disk mìíràn torí òun ló tóbi, 40 GB, 60 GB, a wáá fi fáìlì XML tí ò ju KB díẹ̀ lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú ẹ̀ ni iye RAM wà, iye CPU, UUID (nọ́ńbà ìdánimọ̀ VM), nọ́ńbà MAC (ti káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì), ibi tí dísíìkì wà, gbogbo ẹ̀ pátá.

Àbúrò mi kan ní Ìkéré-Èkìtì, bátìrì laptop ẹ̀ ti kú tipẹ́, iná ló fi ń lò ó, iná wáá lọ lójijì nígbà tó ń ṣe update, Linux ò dìde mọ́. Ó fi Linux tuntun sí i. Qcow2 ẹ̀ wà lọ́wọ́, XML ò sí. Ó ṣe VM tuntun, ó so dísíìkì àtijọ́ mọ́ ọn, kò gbéra, torí UEFI ni ti tẹ́lẹ̀ ń lò, BIOS ló fi ṣe tuntun (ọ̀nà méjì tí kọ̀ǹpútà ń gbà gbéra nìyẹn). Nígbà tó tún yẹn ṣe, Windows inú ẹ̀ ní kọ̀ǹpútà mìíràn lòun wà, kó wá ṣe activation. Ìṣirò ọjà ìyá ẹ̀ tó ń ta gààrí ló wà níbẹ̀ o! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi ń bá a fà á.

Ẹ ṣí terminal, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi virsh, àṣẹ tó ń darí VM, wo àwọn VM tẹ́ ẹ ní:

`virsh -c qemu:///system list --all`

Tẹ́ ẹ bá kọ virsh lásán láì lo sudo, session (àwọn VM tó jẹ́ ti yín nìkan) ló sábà máa ń wò, ó lè ṣófo, ẹ má jáyà. Ká ní win10 lorúkọ ẹ̀:

`virsh -c qemu:///system dumpxml --inactive --security-info win10 > win10.xml`

Láìsí `--security-info` yẹn, pásíwọ́ọ̀dù VNC tàbí SPICE (ọ̀nà tá a fi ń wo ojú VM) ò ní bá a jáde. Pásíwọ́ọ̀dù ti wà nínú ẹ̀ báyìí, torí náà ẹ má fi fáìlì yẹn han gbogbo èèyàn. Ẹ ṣe ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà:

`virsh -c qemu:///system net-dumpxml --inactive default > default-net.xml`

Tó bá jẹ́ UEFI, ẹ fi sudo kó `/var/lib/libvirt/qemu/nvram` (ibi tí UEFI ń tọ́jú ètò ẹ̀) mọ́ ọn. Tó bá ní TPM (ẹ̀rọ ààbò tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́) bíi ti Windows 11, ẹ kó `/var/lib/libvirt/swtpm` náà. Dísíìkì ńkọ́? Ẹ pa VM ná, ẹ dúró kí list sọ pé shut off, kẹ́ ẹ tó fi `cp --sparse=always` kó o, ẹ má kó o nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó lè bàjẹ́.

Láti dá a padà, ẹ gbé dísíìkì àti nvram sí ibi tí XML sọ gan-an (tó bá yàtọ̀, ẹ tún ọ̀nà yẹn kọ nínú XML), ẹ wáá ṣe:

`virsh -c qemu:///system define win10.xml`

Ẹ má kàn ju XML sínú `/etc/libvirt/qemu`, ẹ má sì fi nano tún un ṣe níbẹ̀, libvirt, ètò tó ń bójú tó VM, fúnra ẹ̀ kọ ìkìlọ̀ sórí àwọn fáìlì yẹn pé ohun tẹ́ ẹ bá yí lè pòórá. `virsh -c qemu:///system edit win10` lẹ máa lò.

Tó bá kọ̀, tó ní òun ò mọ machine type (irú kọ̀ǹpútà tí VM ń ṣe bíi), ó lè jẹ́ pé version QEMU (ètò tó ń gbé VM ṣiṣẹ́) tó wà lórí kọ̀ǹpútà tuntun kéré sí ti tẹ́lẹ̀, bóyá `pc-q35-8.2` ló wà nínú XML. `qemu-system-x86_64 -machine help` á fi èyí tó wà hàn yín. Tó bá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì default ò ṣiṣẹ́, ẹ lo `virsh -c qemu:///system net-start default`, kẹ́ ẹ fi `virsh -c qemu:///system net-autostart default` tẹ̀ lé e. Tó bá ń wá ISO (fáìlì CD) tẹ́ ẹ ti pa rẹ́, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú CD.

Ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá fi RAM kún un tàbí tẹ́ ẹ yí nǹkan kan, ẹ tún dumpxml ṣe, kẹ́ ẹ kọ déètì sórúkọ fáìlì, ẹ fi sórí flash. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ lo `virsh -c qemu:///system undefine --keep-nvram win10` (tó bá ní TPM, ẹ fi `--keep-tpm` kún un) kẹ́ ẹ tún define ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan `--remove-all-storage` láéláé, dísíìkì gan-an nìyẹn máa ń pa rẹ́.