Bí mo ṣe dá kábúrétọ̀ Ìjàpá mọ̀, tí mo sì tún un ṣe

Nọ́ńbà ara kábúrétọ̀, ẹ̀rọ tó ń da epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì Ìjàpá (mọ́tò Volkswagen), ni mo kọ́kọ́ wá. Ara abọ́ epo ni Solex, ilé iṣẹ́ tó ṣe kábúrétọ̀ náà, máa ń tẹ̀ ẹ́ sí, òróró àti eruku sì ti bò ó. Búrọ́ọ̀ṣì àti epo díẹ̀ ló gbé e jáde: 34 PICT-3. Má fi ọdún tí wọ́n ṣe Volkswagen náà ra kíìtì (gásíkẹ́ẹ̀tì àti nǹkan kéékèèké tá a fi ń tún kábúrétọ̀ ṣe) o. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá ni wọ́n ti pààrọ̀ kábúrétọ̀ rẹ̀ láìmọye ìgbà. Sukúrù méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì tún jẹ́rìí sí i: èyí tó tóbi ń darí afẹ́fẹ́ sílò (ìsáré ẹ́ńjìnnì nígbà tí a ò tẹ iná), èyí tó kéré ń darí àdàlù epo àti afẹ́fẹ́. Ara 30 PICT-1, irú kábúrétọ̀ Solex mìíràn, sukúrù àdàlù nìkan lo máa rí níbẹ̀. Ẹsẹ̀ 34 náà fẹ̀ ju ti 30 lọ, kò sì lè jókòó sórí mánífóòdù 30 (páìpù tó ń gbé àdàlù lọ sínú ẹ́ńjìnnì) láìsí nǹkan tó so wọ́n pọ̀.

Kí n tó tú u, mo di apá tí wáyà iná (wáyà tó wá láti ibi tá a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí mọ́tò sáré) ń fà mú, mo sì mì í sókè sódò. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi owó kíìtì ṣòfò. Bí irin tó gbé ewé ìsàlẹ̀ (èyí tó ń ṣí tó sì ń pa bí a ṣe ń tẹ iná) bá ń mì nínú ihò rẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa gba ibẹ̀ wọlé, sílò ò sì ní dúró lójú kan láé, bó o yí sukúrù títí ilẹ̀ fi ṣú. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ò wo àrùn yẹn. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìgbẹ́rin ló máa fẹ ihò náà, tó máa ki búṣì idẹ sí i. Tèmi ò mì.

Ẹ́ńjìnnì ti tutù, mo ti yọ orí bátìrì. Nọ́ọ̀tì méjì ló dè é mọ́ mánífóòdù, sípánà 13 ló tú wọn. Sukúrù márùn-ún ló de ìdérí. Mo yọ fúlóòtì (ohun tó ń léfòó nínú abọ́ epo), mo rì í sínú omi gbígbóná: bó bá ń yọ ìfófòó, ó ti lu. Mo kọ nọ́ńbà ara jẹ́ẹ̀tì (idẹ kékeré oníhò tí epo tàbí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá) kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí mo ṣe ń yọ ọ́. Jẹ́ẹ̀tì ńlá fara pa mọ́ sẹ́yìn bóòtì kan nísàlẹ̀ abọ́ epo, ó sì rọrùn láti gbàgbé. Mo gbé e sójú ìmọ́lẹ̀: ihò tó yẹ kó yí róbótó ti dà bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé ló dí i. Oògùn kábúrétọ̀ àti afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ni mo fi ṣí i. Má ki wáyà tàbí abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Idẹ rọ̀, ihò á fẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì máa mu epo lámujù. Má jẹ́ kí oògùn náà kan rọ́bà pọ́ǹpù tàbí ṣóòkù oníná (èyí tó ń pa ewé òkè dé nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù).

Nígbà tí mo ń tò ó padà, mo fi wáṣà tó ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ti àtijọ́ sábẹ́ nídù (abẹ́rẹ́ tó ń dí ẹnu ọ̀nà tí epo ń gbà wọ abọ́), torí wáṣà tó nípọn jù á mú kí epo inú abọ́ lọ sílẹ̀.

Mo yí sukúrù àdàlù wọlé jẹ́jẹ́ títí ó fi kan ìdí (bó o bá fi agbára tì í, ẹnu rẹ̀ á bàjẹ́), mo wá yí i jáde lẹ́ẹ̀mejì ààbọ̀. Ní ti sukúrù ara apá tí wáyà iná ń fà, pẹ̀lú ṣóòkù ní ṣíṣí, mo yí i títí ó fi kan ibi ìgúnlé rẹ̀, mo fi ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kan kún un. Ìyẹn kì í ṣe sukúrù sílò o! Nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, sukúrù ńlá ni mo fi mú un wá sí yíyípo 850 ní ìṣẹ́jú kan. Mo yí ti àdàlù jáde títí ìsáré fi ga jù, mo dá a padà wọlé títí ó fi lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí 25, mo sì tún fi sukúrù ńlá dá a padà sí 850.

Ọ̀kan kù tó ṣe pàtàkì ju gbogbo ìwọ̀nyí: fèrè idẹ tí epo ń gbà wọ ìdérí. Ńṣe ni wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó sì lè tú pẹ̀lú rọ́bà epo, kí epo dà sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Fi ọwọ́ fà á kó o tó so rọ́bà mọ́ ọn. Bó bá mira rárá, má tan mọ́tò náà.