Ẹ Má Fi Owó Yín Ra Ariwo Eegun: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Ní Ọjọ́ Àkọ́kọ́ Lọ́dọ̀ Chiropractor

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó kọjá, ọkùnrin kan wọ yàrá ìtọ́jú mi ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. N kò tíì ní kí ó jókòó tí ó ti gun bẹ́ẹ̀dì tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀, tí ó da ojú bolẹ̀, tí ó sì ní, "Dókítà, ìbàdí òsì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó dún dáadáa o." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dìde kí á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sì fajú ro bí ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó ti wo fídíò lórí YouTube, ó ti rí bí wọ́n ṣe ń yí ọrùn ènìyàn tí ó ń dún pàù, ìró yẹn gan-an ni ó sì rò pé òun san pọ́ùn 70 fún.

Ọdún kẹrìnlá nìyí tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ chiropractic, ìyẹn fífi ọwọ́ tọ́jú ẹ̀yìn àti oríkèé, láàárín àwọn ènìyàn wa: àwọn tí ń gbé arúgbó dìde nínú ilé ìtọ́jú, àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì, àwọn tí ń to páálí ní ilé ìkẹ́rùsí láti alẹ́ di òwúrọ̀. Owó òógùn ojú wọn ni wọ́n ń gbé wá, nítorí pé ìtọ́jú yìí kò wọ́pọ̀ lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba, ó sì máa ń dùn mí bí wọ́n bá fi owó náà ṣòfò. Ìdí tí ọjọ́ àkọ́kọ́ fi ń gùn tó wákàtí kan lọ́dọ̀ mi, tí owó rẹ̀ sì ju ti àwọn ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé e lọ, ni pé ìbéèrè àti àyẹ̀wò ni ó gba ọ̀pọ̀ àkókò náà. Ohun tí ẹ sanwó fún nìyẹn. Ẹni tí ó bá mọ èyí ti bọ́ nínú ìdajì àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ yìí.

Èkínní, àìwo orúkọ ẹni tí ẹ ń lọ bá. Láti ìgbà tí òfin Chiropractors Act ti ọdún 1994 ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní chiropractor ní Bírítéènì bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé General Chiropractic Council, àjọ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ wa. Ìwé náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì gba ìṣẹ́jú méjì láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bi alápatà léèrè ní ẹ̀ẹ̀mẹta bóyá ẹran òní ni, kí ló dé tí ẹ kò béèrè nípa ẹni tí ó fẹ́ di ọrùn yín mú?

Èkejì, aṣọ. Ẹ má ti òde ìyàwó wá pẹ̀lú gèlè àti ìró tí a fi pín-ìnnì mú. Ẹ̀yìn yín ni a fẹ́ rí, bí a bá sì fún yín ní aṣọ tí ó là sẹ́yìn, ẹ lè ní kí ẹnìkan tí ẹ bá wá jókòó tì yín.

Ẹ̀kẹta, kí ènìyàn gbé oògùn ìrora mì ní ẹnu ọ̀nà kí ó sì wá máa bẹ̀rẹ̀ kí ó máa dìde fún mi bí ọmọ ogún ọdún. Bí ẹ bá ti lò ó, ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì sọ aago tí ẹ lò ó.

Ẹ̀kẹrin ni fọ́ọ̀mù, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ sì ti ń ká mi lára.

Ẹ ó gba fọ́ọ̀mù kan kí ẹ tó wọlé. Yóò béèrè bóyá ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, àrùn jẹjẹrẹ rí, bóyá eegun yín ti ṣẹ́ rí, oògùn wo ni ẹ ń lò, bóyá ẹ ń rù láìgbààwẹ̀, bóyá ìrora ń jí yín lóru. Àwọn ènìyàn wa a máa kọ "Rárá" láti òkè dé ilẹ̀ láìka ìbéèrè kankan. Mọ́mì kan tilẹ̀ wà tí wọn kò fi àkókò ṣòfò rárá: wọ́n fa ìlà kan ṣoṣo láti àpótí àkọ́kọ́ dé èyí tí ó kẹ́yìn, wọ́n sì kọ "Ní orúkọ Jésù" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo bi wọ́n pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru?" Wọ́n ní, "Kì í ṣe tèmi." Mo so ẹ̀rọ mọ́ wọn lápá, nọ́ńbà tí ó gbé jáde sì ga débi pé mo tún un wọ̀n ní apá kejì. Mo béèrè bóyá wọ́n ń lo oògùn kankan. Wọ́n ṣí báàgì, wọ́n mú páálí amlodipine jáde, kóró méje nìkan ni wọ́n ti lò nínú rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n gbà á sì ti lé ní oṣù méjì. Oògùn wà nínú báàgì, àmọ́ àrùn kì í ṣe tiwọn. Lẹ́tà sí GP wọn, ìyẹn dókítà ìdílé wọn, ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, n kò fọwọ́ kan ọrùn wọn. Wọ́n bínú. Wọ́n ní àwọn sanwó, n kò sì tẹ àwọn.

N kò bá ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni jà; èmi náà ń ṣe àmín ní ọjọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n kò sí ìbéèrè kan lórí fọ́ọ̀mù yẹn tí a fi ń wá àṣírí. Ẹni tí ó ń lo warfarin, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dì, kò ṣeé tẹ̀ bí ẹlòmíràn. Bí mo bá bi bàbá ẹni ọdún 58 pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń jí tọ̀ lóru, kì í ṣe àrífín: ní Bírítéènì, ọkùnrin dúdú 1 nínú 4 ni jẹjẹrẹ prostate yóò bá fínra nígbà ayé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ 1 nínú 8 ni ti àwọn ọkùnrin lápapọ̀, ibi tí àrùn náà sì fẹ́ràn láti sá lọ bí ó bá tàn ni eegun ẹ̀yìn àti ìbàdí. Ìrora ẹ̀yìn tí kò dáwọ́ dúró bí ènìyàn tilẹ̀ dùbúlẹ̀, títẹ̀ kọ́ ni oògùn rẹ̀.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù, èyí tí ojú ń tì wá láti sọ bí ẹni pé àna wa wà nínú yàrá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá, ó ní bọ́ọ̀lù ni òun gbá tí ìdí fi ń dun òun. Ó kọ "Rárá" síbi gbogbo. Mo gbìyànjú láti yí itan rẹ̀ sínú, itan kọ̀ jálẹ̀. Mo béèrè lẹ́ẹ̀kan, mo béèrè lẹ́ẹ̀kejì, ó ń wo ilẹ̀. Ìyá rẹ̀ tí ó jókòó sí igun wú ikọ́, ó ní, "Sọ fún wọn." SS ni. Ẹ̀jẹ̀ tí kò ṣàn dáadáa máa ń pa orí eegun itan àwọn SS, ìrora rẹ̀ a sì jọ ti ìbàdí. Mo kọ̀wé kíákíá kí wọ́n lè yà á ní MRI, ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ara. Oṣù mẹ́rin ni ó ti fi ń lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ mìíràn tí ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tí ó ń sanwó lórí irọ́ tí òun fúnra rẹ̀ pa.

Kí ẹ má baà rò pé mo gbọ́n jù yín lọ, ẹ gbọ́ tèmi. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìyá mi wá kí mi láti Ìbàdàn, ẹ̀yìn sì ń dùn wọ́n. Mo mú wọn lọ sí yàrá ìtọ́jú ní alẹ́, mo fẹ́ fi iṣẹ́ hàn wọ́n. Fọ́ọ̀mù kẹ̀? Ta ni yóò fún ìyá rẹ̀ ní fọ́ọ̀mù? Mo ti gbé ọwọ́ lé wọn lẹ́yìn, mo ti ní kí wọ́n mí síta, ni wọ́n bá ní, "Dúró ná, àkókò oògùn mi ti tó." Wọ́n fa nylon dúdú kan yọ, wọ́n tú u sórí bẹ́ẹ̀dì: paracetamol, àgúnmu nínú bébà, àti oògùn oníkóró funfun kéékèèké kan tí oníkẹ́mísì àdúgbò wọn ti ń tà fún wọn láti ọdún mẹ́rin nítorí orúnkún. Prednisolone ni. Bí ènìyàn bá lò ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ó lè sọ eegun di hẹ́rẹ́hẹ́rẹ́. Mo ká ọwọ́ kúrò bí ẹni tí ó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. Ìyá mi ṣì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí di òní pé ọmọ tí àwọn rán ní ilé ìwé kò mọ ìbéèrè í bi.

Fọ́ọ̀mù ti gba ibi tí mo fẹ́ fi ka iye àṣìṣe, ẹ jẹ́ kí n máa sọ ọ́ bí ó ṣe ń wá.

Ẹ má fi agídí béèrè X-ray. Àjọ NICE, tí ó ń la ìlànà ìtọ́jú sílẹ̀ ní ilẹ̀ England, kò fọwọ́ sí kí a kàn máa ya àwòrán ẹ̀yìn fún gbogbo ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Bí ẹ bá ti lé ní ogójì ọdún, àwòrán náà lè fi eegun tí ó ti ń jẹ hàn níbi tí kò dùn yín rárá, ẹ ó sì gbé ìpayà lọ sílé.

Ariwo tí ẹ ń wá ńkọ́? Omi wà nínú oríkèé, nígbà tí a bá sì fa oríkèé náà yà lójijì, àyè afẹ́fẹ́ kan a ṣí sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ní 2015, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà fa ìka ọwọ́ nínú ẹ̀rọ MRI, wọ́n sì rí i bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Kò sí eegun tí ó padà sí àyè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ eegun tí ó yẹ̀ yìí ti wà láti ọdún 1895 tí Daniel David Palmer ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wa ní Davenport, ní ìpínlẹ̀ Iowa, lára ọkùnrin dúdú kan tí ń jẹ́ Harvey Lillard, tí Palmer sọ pé etí rẹ̀ là lẹ́yìn tí òun ti eegun ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Ìtàn ni. General Chiropractic Council fúnra rẹ̀ ti sọ ní 2010 pé kò sí ẹ̀rí ìwádìí tí ó fi hàn pé irú eegun yíyẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ń fa àìsàn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ẹ̀yìn yín ti yẹ̀ ní ibi mẹ́fà, tí ó sì ní kí ẹ san owó ìbẹ̀wò 24 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ẹ tó jáde, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tí a ó fi tà á sílẹ̀ fún wa, mo há a sórí, mo sì tà á fún awakọ̀ kan tí ara rẹ̀ yá ní ìbẹ̀wò karùn-ún. Wọn kò dá ìyókù owó rẹ̀ padà. Ojú ṣì ń tì mí bí mo bá rí bọ́ọ̀sì nọ́ńbà rẹ̀.

Ẹ má dákẹ́ bí a bá ń gba àṣẹ lẹ́nu yín. Yíyí ọrùn lè ya iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn, kí ó sì fa rọpárọsẹ̀. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ ọ́ fún yín, ẹ sì lè ní ẹ kò fẹ́. Ọ̀nà mìíràn wà.

Bí abẹ́ tàbí ìdí yín bá kú tipiri, tí ìtọ̀ ń já fún yín tàbí tí ó kọ̀ láti jáde, tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń rọ, ẹ má wá sọ́dọ̀ mi rárá. Ẹ lọ sí A&E, ìyẹn ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn, lọ́jọ́ náà.

Ẹ má sì ti ọ̀dọ̀ wa gba ibi iṣẹ́ wákàtí méjìlá lọ. Ara lè ro yín fún ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn ìtọ́jú, èyí kì í ṣe àṣìṣe ẹnikẹ́ni.

Ní ti ọkùnrin ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó bọ́ bàtà nígbẹ̀yìn. Mo ní kí ó tẹ̀ síwájú, kí ó tẹ̀ sẹ́yìn. Mo fi òòlù kékeré gbá orúnkún rẹ̀ àti ẹ̀yìn gìgísẹ̀ rẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè ní nínà bí ó ti fẹ̀yìn lélẹ̀, mo sì ní kí ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ta ko ọwọ́ mi. Ti ọ̀tún le bí irin. Ti òsì wálẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa. Ó gbé orí sókè, ó wò ó, ó ní òun kò mọ̀ pé ó ti rí báyìí. Nǹkan ń há mọ́ iṣan tí ń gbé agbára láti ẹ̀yìn lọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, nítorí náà n kò ta eegun kankan. Mo pe GP rẹ̀, mo kọ̀wé lé e, mo fi eré ìdárayá méjì hàn án, mo sì ka àwọn àmì tí yóò fi sáré lọ sí A&E fún un. Ó so okùn bàtà rẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "kò wá ní dún mọ́ nìyẹn?"