Nanoparticle tó ń dì mọ́ra, dendrimer tó ń pa sẹ́ẹ̀lì: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, nanoparticle PLGA tí mo ṣe (ẹyọ bíńtín tí wọ́n fi pólímà tó ń jẹrà nínú ara ṣe, tó ń gbé oògùn), 160 nanometer (nm) ló wà kí n tó gbé e sínú freeze-dryer, ẹ̀rọ tó ń dì í kó tó gbẹ ẹ́, ìgbà tí mo tún da omi sí i ó ti di 900, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sì ti wà nísàlẹ̀ ìgò. Ṣé PLGA yẹn ni ò dáa ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Bí omi bá ṣe ń di yìnyín ló ń ti àwọn nanoparticle yẹn jọ sí àlàfo tín-tìn-tín tó kù, wọ́n á fún pọ̀, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra wọn, tó bá wá gbẹ tán ó ti parí nìyẹn. Fi trehalose tàbí sucrose sí i kó tó dì, bẹ̀rẹ̀ láti 5% kó o wò ó. Má sì fi centrifuge yí i líle jù nígbà tó o bá ń fọ PVA, èyí tó ń jẹ́ kí wọ́n má lẹ̀ pọ̀ nígbà tó o ń ṣe wọ́n, kúrò, torí ibẹ̀ gan-an ló ti lè lẹ̀ pọ̀ kó tó dé freezer.

Ìbéèrè: Doxorubicin, oògùn jẹjẹrẹ tí mo fẹ́ fi sínú nanoparticle yẹn, ò dúró sínú ẹ̀, inú omi ló ń sá lọ.

Ìdáhùn: Hydrochloride nìyẹn, ìyẹn irú rẹ̀ tó jẹ́ iyọ̀, omi ló fẹ́ràn. Fi triethylamine díẹ̀ sọ ọ́ di base kó o tó pò ó mọ́ PLGA.

Ìbéèrè: Dendrimer PAMAM G4 (molecule tó yọ ẹ̀ka bí igi, ìran kẹrin ni G4) tí mi ò tíì fi oògùn kankan sí ń pa sẹ́ẹ̀lì tó yè kooro, ẹ̀rù ń bà mí.

Ìdáhùn: Kọ́kọ́ wò ó bóyá o gbẹ methanol kúrò, torí inú methanol ni wọ́n sábà máa ń tà á. Tó o bá ti gbẹ ẹ́, a jẹ́ pé amine (ẹgbẹ́ átọ́ọ̀mù tó ní nitrogen) ojú ẹ̀ ni, 64 ni G4 ní, pósítíìfù ni wọ́n, awọ sẹ́ẹ̀lì sì jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù, ó máa lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì máa lu ú. Fi acetic anhydride bo lára àwọn amine yẹn, tàbí kó o fi PEG, pólímà tó fẹ́ràn omi, bò ó.

Ìbéèrè: Mo so folic acid, fítámì tí receptor (ohun tó ń gbá a mú lójú sẹ́ẹ̀lì) pọ̀ fún lára sẹ́ẹ̀lì KB, mọ́ dendrimer yẹn kó lè wá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ KB lọ, àmọ́ èyí tí mo so àtèyí tí mi ò so, bákan náà ni wọ́n ń wọlé.

Ìdáhùn: Èyí ń dùn mí gan-an torí iṣẹ́ dáadáa làwọn èèyàn máa ń dà nù báyìí. RPMI 1640, omi oúnjẹ tí wọ́n fi ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì, lò ń lò, àbí? Folic acid mílígíráàmù 1 ló wà nínú lítà kan ẹ̀, ìyẹn ti pọ̀ jù fún receptor tó jẹ́ pé ìwọ̀nba bíńtín ló máa fi kún, bíi mọ́tò tí èrò ti kún inú ẹ̀ kí tìẹ tó dé ibùdókọ̀ ni. Lo RPMI tí ò ní folate (folic acid yẹn náà), kó o sì ti máa tọ́ sẹ́ẹ̀lì yẹn nínú ẹ̀ ṣáájú, kì í ṣe láàárọ̀ ọjọ́ tó o fẹ́ ṣe é. Lẹ́yìn náà, da folic acid lásán tó pọ̀ dáadáa sínú kànga kan lára plate tí sẹ́ẹ̀lì yẹn wà: tí èyí tó ń wọlé bá já wálẹ̀ níbẹ̀, receptor ló ń gbà á wọlé lóòótọ́, tí ò bá já wálẹ̀, ó kàn ń lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì ni, padà lọ wo amine tó kù lójú ẹ̀.