Sátidé 14 tí wọn kò kà fún mi

Sátidé 14 ni mo fi ṣiṣẹ́ káfíńtà tí ilé ìwé mi sì ní àwọn ò lè kà á mọ́ wákàtí tí mo fi kọ́ṣẹ́. Wákàtí 8 lójúmọ́, ẹ ṣírò rẹ̀: wákàtí 112. Inú ṣì ń bí mi dòní.

Girama ni mo wà tí mo fi wọ ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ mọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. 

Ìwé kékeré kan ni wọ́n fún mi: ọjọ́, wákàtí, iṣẹ́ tí mo ṣe, àti àyè tí ọ̀gá máa fọwọ́ sí. Mo ń kọ tèmi déédéé. Ọ̀gá ní kí n jẹ́ kó kún ná, òun á fọwọ́ sí gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ló máa bá ọ̀gá rẹ̀ jiyàn? Ló bá fọwọ́ sí i, bíìrò kan náà, ọjọ́ kan náà, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Olùkọ́ tó ń bójú tó wa wò ó, ó ní báwo lòun ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe ilé ni mo jókòó sí tí mo kọ ọ́? Ó pe ọ̀gá, ọ̀gá jẹ́rìí mi. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni òfin ní ká máa fọwọ́ sí i. Oṣù kan àbọ̀ ni mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀ láàárín wọn. Lẹ́tà méjì ni ọ̀gá kọ sí ilé ìwé, wọn ò fèsì. Ìgbà ọlidé, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń sinmi, ni mo tún wákàtí yẹn ṣe.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wọ irú ètò yìí, ẹ gba ìfọwọ́sí kẹ́ ẹ tó bọ́ aṣọ iṣẹ́ nírọ̀lẹ́. Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé náà pẹ̀lú.

Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn Sátidé yẹn gan-an ni mo mọ ayùn lò. Eyín ayùn máa ń jẹ nínú pákó. Ẹni tó bá gé e lórí ìlà tó fà sí i gan-an, pákó rẹ̀ máa kúrú. Ẹ̀gbẹ́ ìlà, níbi tá a máa jù nù, là ń gbé ayùn sí. Pákó mẹ́ta ni mo gé kúrú kó tó yé mi.

Iṣẹ́ tí mo ṣe kẹ́yìn, ìlẹ̀kùn ni. Mo wọn férémù rẹ̀ láti igun dé igun, lọ́nà méjèèjì, iye kan náà ló jáde. Mo gbé ìlẹ̀kùn kọ́. Ọ̀gá fi ìka kan tì í, ó rọra padé, kò há, kò dún. Ọ̀gá ò sọ nǹkan kan. Ó na ọwọ́ gba ìwé mi, ó sì fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀.