Bẹ́ ẹ ṣe lè fi kẹ̀kẹ́ gravel gba àfonífojì odò Youghiogheny

Ọ̀pọ̀ wa tá a wà ní Maryland níbí ló ti ra kẹ̀kẹ́ gravel, ìyẹn kẹ̀kẹ́ onítáyà fífẹ̀ tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà ilẹ̀, àmọ́ inú ẹ́stéètì àti páàkì ìtòsí ilé náà la ṣì ń gùn ún káàkiri. Táyà tó fẹ̀ yẹn, ọ̀dà kọ́ ni wọ́n ṣe é fún o. Tó bá jẹ́ ọ̀nà ilẹ̀ gidi lẹ ń wá, níbi tí mọ́tò ò ti ní máa fọn fèrè sí yín létí, ẹ wakọ̀ lọ sí àfonífojì odò Youghiogheny ní ìwọ̀ oòrùn Pennsylvania, ará ibẹ̀ ò kì í dára wọn láàmú pẹ̀lú orúkọ gígùn yẹn, “Yọ́k” ni wọ́n ń pè é (Yough ni wọ́n ń kọ ọ́), ẹ̀yin náà ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Láti apá Hyattsville tàbí Bowie, ẹ gba I-70, ẹ bọ́ sí I-68, tí gosiló ò bá mú yín, kò ní ju wákàtí mẹ́rin lọ.

Great Allegheny Passage lorúkọ ọ̀nà náà, GAP ni wọ́n máa ń kọ síbi gbogbo. Máìlì 150 ni, láti Cumberland ní Maryland títí dé Pittsburgh. Ojú irin ni tẹ́lẹ̀. Western Maryland Railway ló ni apá òkè, Pittsburgh and Lake Erie ló ni apá ìsàlẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ rélùwéè yẹn kógbá wọlé ni wọ́n hú irin kúrò, wọ́n da òkúta ẹfun lílọ̀ sí i, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Apá tó kọ́kọ́ ṣí ni ti Ohiopyle ní 1986, 2013 ni wọ́n tó parí gbogbo ẹ̀. Ibi tí àǹfààní ẹ̀ wà fún èmi àti ẹ̀yin ni pé ọkọ̀ ojú irin ò lè gun òkè tó ga lójijì, nítorí náà àwọn tó la ọ̀nà yẹn ti gé òkè, wọ́n ti kún kòtò, wọ́n ti lu ihò gba inú òkè ká tó débẹ̀. Kò gba agbára tó pọ̀ láti gùn ún. Ohun tó ń gba làákàyè ni kẹ́ ẹ mọ apá tẹ́ ẹ fẹ́ gùn àti ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe é gba ẹ̀yìn.

Tó bá jẹ́ ọjọ́ kan péré lẹ ní

Ẹ má da ara yín láàmú pẹ̀lú máìlì 150, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Connellsville, ẹ gùn ún lọ sí Ohiopyle, ẹ yí padà. Máìlì 17 ni àlọ, 17 ni àbọ̀. Ìdí tí mo fi ní Connellsville ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni pé odò ń ṣàn wá sọ́dọ̀ yín níbẹ̀, ìyẹn ni pé gbogbo àlọ yín ọ̀nà ń gun òkè díẹ̀díẹ̀, ẹ ò tiẹ̀ ní rí i lójú, itan yín ló máa sọ fún yín. Ìgbà tẹ́ ẹ bá wá ń bọ̀ tó ti rẹ̀ yín, odò á máa bá yín lọ, kẹ̀kẹ́ á máa yí fúnra ẹ̀. Àwọn tó gbé mọ́tò sí Ohiopyle torí pé ibẹ̀ ló lẹ́wà, tí wọ́n sáré ya lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, ẹ lọ wo ojú wọn nígbà tí wọ́n bá ń padà bọ̀.

Ẹ kún gbogbo ike omi yín ní Connellsville kẹ́ ẹ tó kúrò, torí kò sí ṣọ́ọ̀bù, kò sí ilé, kò sí nǹkan kan láàárín ibẹ̀ sí Ohiopyle. Igbó lápá kan, odò nísàlẹ̀ lápá kejì, ẹ máa gbọ́ ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù CSX tó ṣì ń kọjá ní òdìkejì odò. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù á máa wá á máa lọ, nítorí náà ẹ ti da máàpù sílẹ̀ sórí fóònù láti ilé, ẹ sì sọ fún ẹnì kan ìgbà tẹ́ ẹ máa padà.

Bẹ́ ẹ bá ti ń sún mọ́ Ohiopyle, ẹ máa bọ́ sórí afárá gíga kan, ẹ dúró níbẹ̀ jàre. Odò yẹn ṣẹ́ kọ́nà ńlá kan níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ilẹ̀ po tán, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa sọdá odò kan náà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ kọ́kọ́ gba afárá gíga, lẹ́yìn náà ẹ gba èyí tó wà nílẹ̀, ẹ ti wọ ìlú nìyẹn. Láti orí afárá gíga yẹn ẹ máa rí àwọn tó ń fi ọkọ̀ rọ́bà wa omi líle nísàlẹ̀, wọ́n á máa lọgun bí omi ṣe ń gbé wọn sókè sódò. Ìlú náà kéré gan-an àmọ́ oúnjẹ wà níbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, ìtàkìtì omi sì wà láàárín ìlú gangan. Ẹ má ṣe tìtorí ooru kó sínú odò lókè ìtàkìtì yẹn o, omi yẹn ń gbé èèyàn lọ.

Tí ẹsẹ̀ yín bá ṣì le, ẹ fi Confluence kún un. Máìlì mẹ́wàá ó lé díẹ̀ ni láti Ohiopyle, èmi ò sì mọ apá kankan lórí GAP tó dùn ún gùn tó o, ọ̀nà ibẹ̀ ń ká bọ́rọ́bọ́rọ́ pẹ̀lú odò, igi bò ó lórí, oòrùn ò ní pa yín. Confluence ni odò Casselman àti Laurel Hill Creek ti ń bọ́ sínú Yough. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ sí i síwájú láti ibẹ̀, Casselman lẹ máa máa tẹ̀ lé, Yough ti yà lọ síbi tiẹ̀ nìyẹn.

Apá ìsàlẹ̀, láti Connellsville lọ sí West Newton, máìlì 25, ó tẹ́jú ju ti òkè lọ, àwọn èèyàn sì máa ń fojú di í. Èédú ló kún apá yẹn tẹ́lẹ̀. Ẹ máa rí àmì kan lẹ́bàá ọ̀nà nípa Darr Mine, níbi tí èèyàn 239 kú sí lábẹ́ ilẹ̀ ní December 1907, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ará Hungary tó wá ṣiṣẹ́ ajé bíi tiwa. Tẹ́ ẹ bá kọjá West Newton, ẹ máa rí omi tó ń ṣàn lára òkè tó pọ́n kuku, irin inú ihò èédú àtijọ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ẹ má bù ú mu, kódà kẹ́ ẹ ní ẹ̀rọ asẹ́mi.

Kẹ̀kẹ́ àti ẹrù

Táyà 35 sí 45 mílímítà ti tó, ẹ ò nílò táyà ńlá onírúgúdú ti orí òkè. Ẹ má fọn afẹ́fẹ́ kó le bí òkúta, 40 PSI tàbí kó dín díẹ̀ fún ẹni tí kò sanra, ẹ fi díẹ̀ kún un tẹ́ ẹ bá di ẹrù. Tí òjò bá rọ̀, eruku òkúta ẹfun yẹn á di bíi sìmẹ́ńtì tí wọ́n pò, á lẹ̀ mọ́ ṣéènì, á wọ inú bíréèkì, gíà á bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbárakatà. Ẹ bu omi sí i kó tó gbẹ, ẹ nù ún, ẹ fi òróró tuntun sí i. Ẹni tó bá gbé e wálé bẹ́ẹ̀ kó gbẹ mọ́ ọn, fọ́lọ́kánísà kẹ̀kẹ́ á gba owó lọ́wọ́ ẹ̀. Túùbù méjì, pọ́ǹpù, ohun tí wọ́n fi ń ṣí táyà, iná iwájú àti iná ẹ̀yìn, ó tán.

Ní ti oúnjẹ, àwọn òyìnbó á máa ta bísíkítì olówó ńlá fún yín pé ti eléré ìdárayá ni. Gàrí, ṣúgà àti ẹ̀pà ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kò wúwo, kò ní bàjẹ́ nínú oòrùn, kò sì fẹ́ iná. Ẹ fi dòdò Ìkirè àti ṣin-ṣín kún un. Jọ́lọ́ọ̀fù inú kúlà, ẹ fi sílẹ̀ nínú mọ́tò fún ìgbà tẹ́ ẹ bá dé.

Ọ̀tún lẹ máa gùn, òsì lẹ máa gbà kọjá ẹlòmíì, ẹ lu aago tàbí kẹ́ ẹ pariwo “on your left” kẹ́ ẹ tó kọjá. Àwọn èèyàn máa ń kí èèyàn lójú ọ̀nà yẹn o, ẹ dá wọn lóhùn. Níbi tí ọ̀nà bá ti gé títì mọ́tò kọjá, ẹ dúró, ẹ wo ọ̀tún wo òsì, mọ́tò abúlé yẹn ò kì í rọra sáré.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba gbogbo ẹ̀

Ibi tó ga jù ni Eastern Continental Divide, ìyẹn orí òkè tó pín ibi tí omi ń ṣàn lọ sí, 2,392 ẹsẹ̀ bàtà, máìlì 24 péré sí Cumberland, tó sì jìn tó máìlì 126 sí Pittsburgh. Ẹ rí i pé òkè náà ò dọ́gba lápá méjèèjì. Láti Cumberland ẹ máa gùn tó 1,700 ẹsẹ̀ bàtà ní máìlì 24 yẹn, lẹ́yìn ìyẹn gbogbo ẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́ títí dé Pittsburgh. Ọ̀pọ̀ ló ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Pittsburgh torí ìsọ̀kalẹ̀ tó dùn ní ìparí yẹn, èmi ò sí lára wọn. Cumberland ni mo máa sọ pé kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ ti parí wàhálà ní ọjọ́ àkọ́kọ́ nígbà tí ara ṣì le, kí àfonífojì Yough tó dùn jù wá bá yín láìsí ìkánjú. Ọjọ́ mẹ́ta dára, ẹ sùn ní Meyersdale tàbí Rockwood, ẹ sùn ní Ohiopyle tàbí Connellsville. Ẹni tí kò bá fẹ́ gun òkè rárá, ọkọ̀ ojú irin àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ kan wà, Western Maryland Scenic Railroad, ó máa ń gbé èèyàn àti kẹ̀kẹ́ láti Cumberland dé Frostburg, máìlì 15 tó ṣòro jù nìyẹn, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn Frostburg ẹ máa gba inú Borden Tunnel, kò sí iná níbẹ̀, ìyẹn ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ mú tiyín. Lẹ́yìn ẹ̀ lẹ máa sọdá Mason-Dixon Line, ààlà Maryland àti Pennsylvania, òun náà ni ààlà tí àwọn dúdú tó ń sá fún oko ẹrú ní Maryland ń lé bá nígbà náà. Wọ́n fi òkúta ńláńlá sàmì síbẹ̀, ẹ ya fọ́tò. Níwájú ẹ̀ ni Big Savage Tunnel, 3,294 ẹsẹ̀ bàtà, iná wà nínú ẹ̀ àmọ́ ó tutù nini kódà nínú ooru, ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì. Wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀ pa látinú December títí wọ inú April nítorí yìnyín, kò sì sí ọ̀nà ẹ̀bùrú tó rọrùn, títì orí òkè gangan ló kù. Kẹ́ ẹ tó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ẹ rí i dájú pé ó ti ṣí.

Ìgbà tó dáa jù ni ìparí September sí àárín October, ewé ti ń yí àwọ̀, kòkòrò ti dínkù. May náà ò burú, àmọ́ eégbọn wà nínú koríko, eégbọn ara àgbọ̀nrín tó ń kó àìsàn Lyme ranni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tọ̀, ẹ má wọ inú koríko gíga. Bẹ́ ẹ bá dé ibi tẹ́ ẹ máa sùn, ẹ yẹ ẹ̀yìn orúnkún, abíyá àti ẹ̀yìn etí wò, kí ẹnìkejì yín bá yín wo ẹ̀yìn.

Láti padà wálé, ọkọ̀ ojú irin Amtrak tó ń bọ̀ láti Chicago máa ń dúró ní Pittsburgh, Connellsville àti Cumberland kó tó dé Washington, ó sì ń gbé kẹ̀kẹ́. Ọkọ̀ kan péré ni lójúmọ́, ìdájí ló ń kúrò ní Pittsburgh, nítorí náà ẹ sùn sí ìtòsí ibùdókọ̀. Ẹ ra àyè kẹ̀kẹ́ pọ̀ mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì tiyín lọ́jọ́ kan náà, torí àyè kẹ̀kẹ́ ò pọ̀, ó sì ń tètè tán ní October.