Páànù Asbestos Àtijọ́: Ẹ Má Fọ́ Ọ, Ẹ Má Jù Ú Sílẹ̀

Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò máa ń ṣí òrùlé àtijọ́, onílé á wá ní kí wọ́n kúkú tú gbogbo rẹ̀. Àṣìṣe kan náà là ń rí káàkiri: káfíńtà á gun orí ilé, á fi òòlù fọ́ páànù ní gbígbẹ, á máa ju àfọ́kù rẹ̀ sílẹ̀, àwọn ọmọdé á sì máa ṣà á sínú bárò. Eruku tó ń sọ yẹn gan-an ni ewu.

Páànù simẹ́ńtì àtijọ́ aláwọ̀ eérú là ń wí, àti pẹlẹbẹ rẹ̀ tí wọ́n fi ṣe síílìn. Ojú lásán kò lè mọ èyí tó ní asbestos (fọ́nrán òkúta tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n pò mọ́ simẹ́ńtì) nínú, nítorí náà ẹ kà á sí asbestos. Téèyàn bá fa eruku rẹ̀ símú, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń wà, àìsàn rẹ̀, títí kan jẹjẹrẹ, sì lè pẹ́ tó ọdún 20 sí 40 kó tó yọjú. Káfíńtà tó bá ní òun ti ń fọ́ ọ tipẹ́ tí nǹkan kan ò ṣe òun, ẹ má gbà á gbọ́.

Bí páànù bá ṣì le, tí kò sán, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má ha ìdọ̀tí ara rẹ̀, ẹ má lu ihò sí i.

Tó bá di dandan kí ẹ tú u, ẹ kọ́kọ́ kó láfún, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo tí ẹ sá sí àyíká kúrò, ó kéré tán mítà 10. Ẹ bo kànga. Ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù tó ń gba omi òjò kúrò lábẹ́ òrùlé. Ọmọdé kò gbọdọ̀ sí nítòsí.

Ìbòmú FFP3, èyí tó ń sẹ́ eruku tó kéré gan-an, ni kí ẹ lò, kó lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa; ẹni tó ní irùngbọ̀n, kó fá a. Aṣọ tí a so mọ́ imú àti ìbòmú ìgbà Kòrónà kò gba eruku yìí dúró.

Ẹ̀rọ ìfínko onílítà 16 tẹ́ ẹ ní nílé tó. Bí ẹ bá ti fi fín oògùn apako rí, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ bu omi kún un, ẹ da ọṣẹ olómi ṣíbí ìmúbẹ̀ 2 sí i, kí omi lè wọ ara páànù. Ẹ fín in wẹ́wẹ́, ẹ má jẹ́ kó máa tú yàà. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún fín in. Bí ẹ bá ti ń gbé páànù sókè, ẹ fín abẹ́ rẹ̀ náà.

Ẹ má tẹ páànù mọ́lẹ̀, ó lè já wá sísàlẹ̀ pẹ̀lú yín. Orí pákó tí ẹ tẹ́ kọjá igi òrùlé ni kí ẹ dúró sí. Ẹ rin orí ìṣó, ẹ fi ẹ̀mú fà á yọ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá ti dípẹtà, ẹ gé orí rẹ̀. Ibi ìṣó yìí ni sùúrù àwọn èèyàn ti ń tán, tí wọ́n á sì fi tipá fa páànù títí á fi ya. Odidi odidi ni kó sọ̀kalẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹni 2 ni kó máa gbà á nísàlẹ̀.

Ọ̀rá tó nípọn tó mìlímítà 0.2 ni kí ẹ fi wé e, ìpele méjì, kí ẹ fi téèpù dì í pa, kí ẹ sì kọ "ASBESTOS, EWU" sí i lára.

Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀. Àkísà tútù ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ sì dì í mọ́ ẹrù náà. Aṣọ iṣẹ́ náà, inú ọ̀rá ni kó wọ̀, kì í ṣe inú abọ́ ìfọṣọ ìyàwó: àwọn obìnrin tó kàn ń fọ aṣọ ọkọ wọn ti kó àìsàn yìí. Ẹ wẹ̀ kí ẹ tó gbé ọmọ.

Ẹ má fi àfọ́kù rẹ̀ dí kòtò ojú ọ̀nà, ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni kó fi bo ilé adìẹ. Iná kò lè jó o. Ṣe ló máa ń ta pàrà, tí á sì fọ́n eruku káàkiri. Ẹ má kó o fún ọkọ̀ akólẹ̀ PSP tó ń fún ìdọ̀tí pọ̀, torí inú ọkọ̀ yẹn náà ni yóò ti fọ́. Kí ẹ tó gun orí ilé rárá, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àjọ tó ń bójú tó ìdọ̀tí ní ìpínlẹ̀ yín, bíi LAWMA ní Èkó, ibi tí ẹ ó gbé e lọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ rì í mọ́lẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ tó máa bò ó kò gbọdọ̀ dín ní mítà 1, kó sì jẹ́ ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní gbẹ́ kànga tàbí ìpìlẹ̀ ilé sí.